Ṣẹ̀fíátù, Ayafọ́tò Àwọn Ẹlẹ́hàá

Lọ́dún 1956, kò sí obìnrin mìíràn ní Ìwó tó mọ kámẹ́rà lò àfi Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Mùkáílà onífọ́tò. Kì í ṣe pé ọkọ rẹ̀ jókòó kọ́ ọ. Bí Mùkáílà bá ti yàwòrán tán, Ṣẹ̀fíátù ní í wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ̀ ọ́ nínú omi oògùn. Òun náà ní í fi abẹ ṣínṣín tún ojú oníbàárà ṣe lórí dígí tí àwòrán wà, kí ojú ṣáṣá lè dán. Ìyókù iṣẹ́ náà, ojú ló fi kọ́ ọ.

Ohun tó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́ ni ìrìn-àjò Mẹ́kà. Àwọn olówó ìlú ti ń mú ìyàwó lọ, ìjọba sì ní kò sẹ́ni tó máa wọ ọkọ̀ òfurufú láìní páásípọ́ọ̀tù tí fọ́tò wà nínú rẹ̀. Ọkọ wo ló wá máa gbà kí ọkùnrin kan wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú ẹ̀hàá, ẹni tí aládùúgbò pàápàá kò mọ bí imú rẹ̀ ti rí? Mùkáílà rò ó, ó tún un rò. Níkẹyìn, ó gbé kámẹ́rà onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Bí o bá ti ṣe é tán, ilé ni kí o gbà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ilé Sàlàkọ́, oníṣòwò tó ń ta obì dé ilẹ̀ Haúsá. Ìyàwó rẹ̀ kékeré, Hàbíbátù, ni wọ́n fẹ́ yà. Ọmọ Ilé-Ogbó ni. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti wà nínú ẹ̀hàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ti jáde, lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ìyá rẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù ki orí bọ abẹ́ aṣọ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Nínú dígí tó wà níbẹ̀, orí èèyàn ní í wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ a wà lókè. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí i mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú tó dorí kodò yẹn ń wò ó tààrà, àyà rẹ̀ sì já.

"Ẹ má mira o," ó wí.

"Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti jókòó sójú kan," Hàbíbátù dáhùn. "Ṣé tòní ló máa wá nira?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Ṣẹ̀fíátù parọ́ pé fọ́tò náà kò jáde dáadáa, ó padà lọ. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó tún lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Hàbíbátù a máa bi í léèrè ohun tó wà níta: ṣé èrò ṣì ń pọ̀ ní tésàn rélùwéè, ṣé igi odán tó wà lọ́nà ọjà ṣì wà. Ṣẹ̀fíátù a máa ròyìn. Lọ́jọ́ kan, Hàbíbátù mú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí omi oògùn ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọdún kẹwàá rèé tí Ṣẹ̀fíátù ti wà nílé ọkọ, ó ti bí Ràhámọ̀tù. Kò mọ̀ pé ara òun lè gbọ̀n báyẹn.

Ó wá orúkọ tí òun ì bá fi pe ohun náà, kò rí. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni ìlú ń pe obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kéré sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní bí òun kò bá lè sọ ọ́, òun á yà á.

Lọ́jọ́ Alàmísì kan, ìyálé Hàbíbátù lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Kuta. Ṣẹ̀fíátù gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní àgbàlá. Ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, bí tọkọtaya bá wá, ọkọ ní í jókòó, ìyàwó a dúró, a gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ta ni yóò jókòó nínú wa?" Hàbíbátù béèrè.

"Ìwọ. Ìwọ lo ń gbé ilé olówó."

"Mo kọ̀. Bí mo bá jókòó, mo di ọkọ nìyẹn. Ọkọ tó wà nílé yìí tó mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n fi ìka kọ́ ìka sórí itan, wọ́n forí kan orí. Ṣẹ̀fíátù fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tó ń mú kámẹ́rà yàwòrán, èyí tó fi pamọ́ sábẹ́ ìró.

Kò tó bẹ́ẹ̀ kó tẹ àwòrán náà sórí bébà. Ó fi dígí rẹ̀ sáàárín àwọn dígí àtijọ́. Bí Mùkáílà bá jáde, a yọ ọ́, a gbé e sójú fèrèsé, a máa wò ó.

Oṣù náà kò tíì parí tí Mùkáílà fi wá dígí àtijọ́ tí yóò fọ̀ kó lè fi ya àwòrán tuntun. Nígbà tí Ṣẹ̀fíátù ti odò dé, ó bá a lórí ìjókòó, dígí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, Bàbá Ràhámọ̀tù. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Mùkáílà kò pariwo. "Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ya èèyàn. Mo ti ya ọ̀rẹ́, mo ti ya ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Mo mọ bí ọ̀rẹ́ ti ń jókòó. Èmi tí mo fẹ́ ọ, ojú rẹ kò rí báyìí níwájú mi rí."

Ṣẹ̀fíátù kúnlẹ̀.

"Bí Sàlàkọ́ bá gbọ́, á lé ọmọ yẹn jáde, á sì ba orúkọ mi jẹ́. Bí èmi náà bá sì kọ̀ ọ́, o mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni Ràhámọ̀tù máa wà." Ó na abẹ sí i. "Ìwọ lo mọ ojú èèyàn tún ṣe. Ha ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ mọ́lẹ̀."

"Mo ní kí o ha á."

Ẹsẹ̀ Hàbíbátù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó rò pé bóyá ọkọ òun á ṣàánú kí abẹ tó dé ojú. Kò ṣàánú. Ó ku àwọn ìka Hàbíbátù tó kọ́ mọ́ tirẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe ha wọ́n tí kò ní ha tara rẹ̀. Mùkáílà gba dígí náà, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ àwọn yòókù.

Láti ọjọ́ náà ni kámẹ́rà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mùkáílà sọ fún ìlú pé ojú ń dun ìyàwó òun. Nígbà tó di oṣù kejì, ó fi ìyàwó rẹ̀ náà sínú ẹ̀hàá. Àwọn ará àdúgbò wá kí i pé ẹ̀sìn rẹ̀ ti jinlẹ̀. Ràhámọ̀tù ló wá ń pọn omi, Ṣẹ̀fíátù sì ń fọ àwòrán ní yàrá òkùnkùn, ojú àwọn èèyàn tí kò rí rí.

Hàbíbátù lọ sí Mẹ́kà, ó sì dé. Mùkáílà yọ̀ǹda kí ìyàwó rẹ̀ bá àwọn obìnrin àdúgbò lọ kí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi wọ́n léèrè. Ilé kún fọ́fọ́. Nígbà tó kan Ṣẹ̀fíátù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Àlùhájà. Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín." Hàbíbátù bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fà á dìde, ó rọra béèrè létí rẹ̀ pé, "Níbo ni fọ́tò wa wà?"

"Wọ́n ní kí n ha á."

"Àwa méjèèjì?"

"Ìwọ nìkan."

Hàbíbátù mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ó ku ìwọ níbẹ̀, ìyẹn náà tó."

Ṣẹ̀fíátù kò jẹ́wọ́ pé wọ́n ti fọ dígí náà, àti pé òyìnbó kan tó ń kọ́ ilé-ìwé nílùú ni wọ́n ti yà sórí rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń tì í pé kó sún, káwọn náà rí Àlùhájà kí. Ó dìde, ó fa ìborí rẹ̀ bojú, ó sì tẹ̀ lé àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ padà.