Iṣu Tí Bàbá Mi Ṣà

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ń ṣe sitatísíìkì nìyẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, mo há ìwé náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ní yunifásítì ní Àkùngbá, mo sì fìdí rẹmi. Bí mo bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, màá lo odidi ọdún kan sí i nílé ìwé lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti lọ. Ká sòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kí ni ọdún kan, ṣebí iṣu wà nílé.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ní Ọ̀kà. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni wọ́n ti ń dá gbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi àpò iṣu kan rán awakọ̀ sí mi ní Àkùngbá, kò sì sí ẹyọ kan nínú àpò náà tí kò tó itan ọmọdé. Àwọn tí a jọ ń gbé á yọjú wò ó, wọ́n á ní, "Ọmọ Oníṣu, gé díẹ̀ fún wa náà." Orí mi á wú. Màá sì gé e fún wọn, torí ọmọ ẹni tó ní kì í ṣahun.

Olùkọ́ wa lọ́dún kejì yìí, obìnrin kan tí kì í pariwo tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, fún wa ní iṣẹ́ kan tó gba ìdajì máàkì. Kí oníkálukú lọ sílé, kó wá ohun kan tó pọ̀ níbẹ̀, kó wọn ọgbọ̀n nínú rẹ̀, kó ṣírò ohun tí ẹyọ kan máa wọ̀n bí a bá pín in dọ́gba, kó sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó. Wọ́n ní ọgbọ̀n yẹn ló máa sọ fún wa bí gbogbo ìyókù ṣe rí, nítorí náà ká mú un bó ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́, ká má ṣà á. Apá ìparí yìí kò wọ̀ mí létí. Iṣu ti wà lórí mi kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Àbúrò ìyá mi tó ń ta ẹja tútù ní Ìkàrẹ́ ló yá mi ní ìwọ̀n. "Dá a padà lọ́la o," ni wọ́n wí. "Bí mi ò bá rí ìwọ̀n, ojú ni màá fi ta ẹja, ojú mi kì í sì í ṣojú oore." Mo gbé ìwọ̀n sórí itan lẹ́yìn ọlọ́kadà, òórùn ẹja ń tẹ̀ lé wa títí a fi dé Ọ̀kà.

Mo ti pe bàbá mi ṣáájú, mo ti sọ ohun tí mò ń bọ̀ wá ṣe. Nígbà tí mo fi máa dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lọ́nà Ìkun, wọ́n ti débẹ̀. Wọ́n ti to ọgbọ̀n iṣu sórí imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà tí wọ́n ń so iṣu sí, wọ́n sì ti nu gbogbo erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò.

"Yèyé, uṣu rẹ rèé." Yèyé ni wọ́n ń pè mí, torí pé ẹ̀yìn ikú ìyá wọn ni wọ́n bí mi. "Wọ̀n ọ́n dáadáa. Jẹ́ kí olùkọ́ rẹ mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́."

Mo wọn gbogbo rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n bá ṣe ń yí ni bàbá mi ń mi orí. N kò tilẹ̀ wọ inú ọgbà, mo ti rí ohun tí mo wá.

Olùkọ́ wa wo ìwé mi, wọ́n wo ojú mi. "Ta ló ṣa iṣu wọ̀nyí?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Wọ́n mọ̀ pé o ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. "Iṣu àlejò nìyí. Ta ló ń gbé èyí tí ò dáa fún àlejò? Padà lọ, má pe ẹnikẹ́ni ṣáájú. Kọ nọ́ńbà sára gbogbo iṣu tó wà níbẹ̀, kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé pélébé-pélébé, gbọ̀n ọ́n pọ̀, dijú, kó o sì mú ọgbọ̀n. Bí kò bá dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì, òdo ni."

Inú bí mi. Lójú mi, òpùrọ́ ni wọ́n pe bàbá mi. Mo kùn títí dé Ìkàrẹ́, mo kùn fún àbúrò ìyá mi, wọ́n sì tún gbé ìwọ̀n fún mi. Wọ́n ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ wò ó." Mo tún gba iwájú ilé ìwé wa kọjá pẹ̀lú ìwọ̀n ẹja lórí itan.

Ìdí iná ni mo bá bàbá mi lóko, wọ́n ń sun iṣu. Iṣu náà kò ju ọwọ́ mi lọ. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n já ewé bò ó.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan, bàbá. Iṣu yẹn náà ni." Mo ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ wí.

"Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì?" Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òdo ni, wọ́n bọ́ fìlà wọn fún mi láti kó àwọn ìwé pélébé náà sí.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo wọ inú ọgbà. Ìlà iwájú nìkan ni mo mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn tó tó itan ọmọdé wà níbẹ̀, kò sì ṣẹ́kù púpọ̀. Láti ìlà kejì lọ, iṣu tó dà bí apá ọmọdé ni, òmíràn kòkòrò ti lu ú. Lẹ́yìn pátápátá, okùn lásán ló ń fì lára òpó. Kò tíì rẹ̀ mí rárá tí mo fi kọ nọ́ńbà sára gbogbo wọn tán.

Mo kó àwọn ìwé pélébé sínú fìlà, mo gbọ̀n ọ́n pọ̀, mo dijú, mo mú ẹyọ kan, mo wá iṣu tí nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Kékeré ni. Mo tún mú òmíràn, kékeré ni.

"Dá ìyẹn padà," ni bàbá mi wí.

"Wọn kì í dá a padà, bàbá."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, wọ́n di ọwọ́ tí mo fi mú bírò mú. "Má kọ ìyẹn, Yèyé. Olùkọ́ rẹ á ní ọ̀lẹ ni bàbá rẹ."

Mo bi wọ́n léèrè iye ebè tí wọ́n kọ lọ́dún yìí.

"Èyí tí ìbàdí mi gbà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, ṣé wàá wá kọ ebè ni? Ìwé ni mo ní kó o kà."

Ojú tì mí gan-an, inú sì tún bí mi sí wọn. Gbogbo iṣu tí mo fi ń ṣe yànga ní Àkùngbá, ìlà iwájú yẹn ni wọ́n ti ń kó o. Nínú àpò yẹn nìkan ni mo ti ń mọ bí ilé ṣe rí, èmi tí mò ń sọ pé kí ni ọdún kan. Mo wo ìlà náà, mo ń ka iye àpò tó kù níbẹ̀. Kò lè tó ọdún kan.

Mo kọ gbogbo ọgbọ̀n náà bó ṣe rí. Bàbá mi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí mo fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà mo ṣí ewé lórí iṣu sísun wọn, a pín in jẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ wa ka ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bàbá yín ńkọ́? Ṣé ara wọn le?" Mo ní ìbàdí ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, mo kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. N kò gba máàkì tó ga jù, ṣùgbọ́n mo kọjá.

Mo pe bàbá mi láti sọ fún wọn. Mo ní, "Bàbá, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ dijú kẹ́ ẹ tó kó iṣu sápò. Bí ọgbà bá ṣe rí ni kí àpò rí."

"Mo gbọ́, Yèyé."

Nígbà tí àpò dé, mo tú ẹnu rẹ̀, mo bá iṣu kékeré kan lókè. Inú mi dùn pé wọ́n gbọ́ tèmi. Mo wá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀: gbogbo ìyókù ló tó itan ọmọdé. Mo padà gbé kékeré yẹn, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ní ojú kòkòrò, kò bó níbì kankan, wọ́n sì ti nu erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Òun náà, wọ́n ṣà á ni.