Àwọn Òǹkàwé Márùn-ún Mọ́wùnmí

Mọ́wùnmí ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way, nítòsí ilé rẹ̀ ní Thamesmead, London, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ẹ́ lógún ju iṣẹ́ lọ ni ìkànnì kékeré tó ṣí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ló ń kọ ìtàn ìyá rẹ̀ olóògbé sí, agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí bí ìdajì àwọn ọmọ Ìkirè. Ó ń retí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀hún á kà á níbi yòówù tó bá wà. Bí Àjíǹde bá dé tí kò sẹ́ni tó ń kà á, ó ní òun á ti ìkànnì náà pa. Kí lèèyàn ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ fún?

Òǹkà kan wà níbẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá ṣí i lóòjọ́. Márùn-ún ni lójoojúmọ́, kì í dín, kì í lé. Mọ́wùnmí dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa ti rán òǹkàwé márùn-ún sóun. Ẹ sì mọ àwa aláṣọ funfun, a kì í rí márùn-ún ká má dúpẹ́.

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì, Moyinolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí sí Woolwich, bá a wo òǹkà náà dáadáa, títí kan ibi àti aago tí wọ́n ti ṣí i.

"Mummy, gbogbo ẹ̀, Thamesmead ni. Six, nine, twelve, three, six. Kí lo máa ń ṣe at that time?"

Àdúrà ni. Ní wákàtí àdúrà kọ̀ọ̀kan, Mọ́wùnmí á ṣí ìkànnì náà, á gbé fóònù síwájú, á wá bẹ Ọlọ́run kó rán òǹkàwé sí i. Bó bá wà níbi iṣẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń sá wọ̀. Àdúrà rẹ̀ ni òǹkà ń kà látọjọ́ yìí. Ojú tì í débi pé kò lè jẹun. Ẹ̀rí tó ti jẹ́ ńkọ́?

Ọmọ náà tún òǹkà ṣe kó má ka fóònù ìyá rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, òdo ni. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan ṣí i láti Woolwich, ó sì lo wákàtí méjì níbẹ̀. Mọ́wùnmí ò mọ ẹni tí í fi wákàtí méjì ka ojú ìwé mẹ́ta.

Nírọ̀lẹ́, Moyinolúwa wọlé, kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Mo lọ kà á ní library. Yorùbá yẹn le gan-an, Mummy. Grandma gbẹ̀bí everybody, but nígbà tó fẹ́ bí ẹ, kò sí ẹnì kankan? She was alone?"

"Òun nìkan ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbà mí."

Ọdún mọ́kàndínlógún tí ọmọ yìí ti dáyé, kò béèrè rí. Moyinolúwa ṣí ìkànnì náà lórí fóònù tirẹ̀, ó ní kí ìyá òun kà á sóun létí, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan ò yé òun. Àjíǹde ku ọjọ́ márùn-ún, Mọ́wùnmí ò tiẹ̀ rántí mọ́. Wọ́n forí korí. Òǹkà fi ẹyọ kan kún un, kò mọ̀ pé àwọn méjì ni.