Ẹni Tó Bu Kọfí Ló Ń Kọ́kọ́ Mu Ún

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹ má sì jẹ́ kó gba etí ọ̀tún wọlé kó gba tòsì jáde: ọ̀rọ̀ Asnaku oníkọfí, ní ibùdókọ̀ àwọn akẹ́rù ní Wolkite, ní ilẹ̀ Ethiopia. Ta ló gba ọ̀nà Jima kọjá rí tí kò mọ̀ ọ́n? Abẹ́ tapólì ló ń jókòó, koríko tútù nílẹ̀, ìkòkò kọfí ọlọ́rùn gígùn lórí ẹyin iná, òórùn kọfí tó ń yan sì tó láti jí ẹni tó sùn sẹ́yìn ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló fi òwò náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú òfin kan ṣoṣo: ẹni tó bu kọfí ló ń kọ́kọ́ mu ún. Awakọ̀ kì í mọ ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Bó bá rí i pé ọ̀fun ìwọ fúnra rẹ ló kọ́kọ́ gbà kọjá, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Nítorí náà, ìkòkò yòówù tó bá kúrò lórí iná, Asnaku a bu ife àkọ́kọ́, a gbé e mì ní gbígbóná, kó tó na ife sí ẹnikẹ́ni. Láti òwúrọ̀ kùtù, tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, títí oòrùn fi wọ̀. Omidan ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ti ń funfun báyìí.

Àyà rẹ̀ ń ta á. Iná kan a ràn lábẹ́ egungun àyà, a máa gòkè bí aláǹgbá tó ń gun ògiri, omi kíkan a sì kún ẹnu rẹ̀ bó bá ti tẹ̀ ba láti fẹ́ná. Orúkọ tó fún un ni ṣẹgwara. Orúkọ yẹn ló sì ṣe é ní jàǹbá! Ikùn là ń pè ní ṣẹgwara, àìsàn inú náà, ṣẹgwara ni, kò sì sí ẹni tí kò ní in nínú wa.

"Ṣẹgwara ò jẹ́ n gbádùn," Asnaku a wí.

"Èwo nínú wa ló jẹ́ kó gbádùn?" Gaṣe Mekuria nìyẹn, àgbà awakọ̀ tí kì í mu kọfí níbòmíràn. "Tèmi ti dàgbà, mo ti ń wá ìyàwó fún un."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan a ní kó mu omi tẹ́lbà, èso wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lọ̀ sómi, ẹlòmíràn a ní kó mu wàrà. Ó ń mu méjèèjì, àfi lọ́jọ́ ààwẹ̀ tí wàrà jẹ́ èèwọ̀. Bó bá délé, ebi tó ti ń pa á látàárọ̀ á jẹ́ kó jẹ búrẹ́dì kóṣò kíkan pẹ̀lú ata gígún ní àjẹyó, á sì nà gbalaja lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó yá, kóṣò bẹ̀rẹ̀ sí í há a láyà. Á fi omi tì í. Aṣọ rẹ̀ ń tóbi fún un. Ọmọ rẹ̀ Mahlet, tí wọ́n jọ ń yan kọfí, ló sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ̀ ń jẹun bí ẹni tó ń gbé òkúta mì."

"Oúnjẹ ẹ ló le."

"Omi ọbẹ̀ náà le ni?"

Ó wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Wubalem.

"Níbo ló ń dùn yín?"

"Ṣẹgwara ni, ọmọ mi."

"Mi ò bi yín lórúkọ ẹ̀, ìyá. Ẹ fọwọ́ hàn mí."

Ọwọ́ Asnaku kò lọ síkùn rárá. Àárín àyà ló lọ, ó sì ń gòkè títí ó fi dé ọ̀fun. Ojú Wubalem yí padà.

Ẹ wo bó ṣe là á yé e! Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọ ikùn, ó ní tirẹ̀ ti dẹ̀. Omi kíkan tí ikùn fi ń lọ oúnjẹ ń gba ibẹ̀ gòkè. Ikùn ní awọ tó lè gbà á. Ọ̀nà ọ̀fun kò ní, ńṣe ló ń bó o. Kó lo oògùn kó tó jẹun láàárọ̀. Kó jẹ díẹ̀díẹ̀, kó má dùbúlẹ̀ kí oúnjẹ tó wálẹ̀, kó fi òkúta gbé ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí sókè. Kó jìnnà sí ata, kó sì fi kọfí sílẹ̀.

"Oúnjẹ tó ń há yẹn kì í ṣe ohun à ń dúró wò," ó ní. "Ẹ lọ sí Addis, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọ̀fun yín. Ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Asnaku fi òkúta sábẹ́ ibùsùn, ó sùn bí ọmọ tuntun. Láàárọ̀, ó bu kọfí, ó na ife sí Gaṣe Mekuria. Bàbá náà ò gbà á.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n má mu ún mọ́. Ṣẹgwara."

"Ṣẹgwara." Ó wo ife náà. "Gbogbo wa la ní ṣẹgwara, Asnaku. Kí ló wà nínú eléyìí?"

Ó dìde lọ sí abẹ́ tapólì oníkọfí mìíràn, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan tó jẹ ẹran tó ti bà jẹ́ bì lójú ọ̀nà. Ọwọ́ Asnaku ni wọ́n dárúkọ. Koríko abẹ́ tapólì rẹ̀ gbẹ láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ n máa mu ún dípò yín," Mahlet wí.

Asnaku wo ọ̀fun ọmọ rẹ̀. Ó rántí ìyá tirẹ̀, tí oúnjẹ kọ̀ láti gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, tí gbogbo ayé ní ojú burúkú tí ẹnìkan fi wò ó ló pa á. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ ń mu ife àkọ́kọ́.

"Ìwọ kọ́," ó wí. Ó gba ife náà, ó gbé e mì lójú gbogbo ibùdókọ̀. Àwọn awakọ̀ padà wá. Ó ní òun á lọ sí Addis lẹ́yìn Mẹskẹli, ọdún àgbélébùú, torí àsìkò ọdún yẹn gan-an lọjà ń yá.

Nígbà tó lọ, omi nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Wọ́n rí kókó tó hù sí ọ̀nà ọ̀fun náà. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n fi rọ́bà sí ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni wàrà ń gbà wọlé. Ṣẹgwara tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bú, òun nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti Addis dé, Gaṣe Mekuria wá sábẹ́ tapólì. Mahlet ti bu ife àkọ́kọ́, ó ń gbé e bọ ẹnu. Bàbá náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán. Asnaku jókòó lẹ́yìn wọn, ó ń wò ó.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ gba ọ̀nà Jima. Ẹ jókòó sábẹ́ tapólì yẹn, kí ẹ sì fojú ara yín wo ẹni tó ń mu ife àkọ́kọ́ báyìí.