Ìlú Tí Dókítà Ti Ń Gun Kẹ̀kẹ́

Bí a ṣe kírun àsùbáà tán báyìí ni Lásísì, ọmọ mi àgbà, ti ń fọn fèrè mọ́tò níta ilé wa ní Kemta, l'Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, kí n lè lọ wo àbúrò rẹ̀, Múfútáù, tó ń kàwé ní Amsterdam, nílẹ̀ Họ́láńdì. Mo ń wo kẹ̀kẹ́ mi lára ògiri. Òun ni mo fi ń kó àdìrẹ lọ sí ọjà Ìtòkú láti ìgbà tí Lásísì ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lásísì ní, "Bàbá, tí ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ yìí mọ́. Àlàájì bíi tiyín! Ojú ń tì mí níbi iṣẹ́."

"Ojú ń tì ọ́ nítorí kí ni? Mo jalè ni?"

Ó ki àpò mi sẹ́yìn mọ́tò. Inú bí mi títí a fi dé Ìkẹjà.

Òtútù Amsterdam kì í ṣe eré rárá. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ la ìlú náà já káàkiri. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni lọ́sàn-án. Owó ife kọfí kan ṣoṣo tó ohun tí èèyàn mẹ́ta yóò fi jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà yó ní Kemta. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Fíìtsì ni wọ́n ń pè é. Ìyá arúgbó ń gùn ún, ọ̀gá ilé-ìwé ń gùn ún, ìyàwó ilé gbé ọmọ méjì sórí rẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mọ́tò kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀.

Dókítà ni onílé Múfútáù, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó wọ kóòtù, ó gun kẹ̀kẹ́, ó di ibi iṣẹ́.

Mo bi Múfútáù pé, "Ṣé kò ní mọ́tò ni?"

"Ó ní, Bàbá. Ó ní ọsibítù ò jìnnà, kí lòun fẹ́ fi mọ́tò ṣe?"

Nígbà tí dókítà dé, mo ní kí Múfútáù bi í bóyá ojú kì í ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè bóyá ojú ń tì í láti wọ bàtà.

Ó mú wa lọ sí òpópónà kan tí mọ́tò kì í wọ̀ mọ́. Ó ní mọ́tò ti kún ibẹ̀ rí, ó sì ń pa ọmọdé. Ni àwọn òbí bá jókòó sójú títì, wọ́n ní àwọn ò dìde, títí ìjọba fi gbọ́. Igi ni wọ́n gbìn síbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún gbé agolo ńlá sí ìkóríta, tí wọ́n ń kó òfìfo ìgò sí, kí wọ́n lè yọ́ ọ ṣe tuntun. Wọ́n ń fi èyí yangàn! Nílé wa, ta ló ń da ìgò nù? Ṣebí àwọn elépo pupa ń dúró dè é. Mọ́tò ti sú àwọn èèyàn yìí, àwa sì ń tò fún epo mọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́, a tún ń fi ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò gbà!

Nígbà tí mo padà dé Ìkẹjà, mọ́tò tuntun ni Lásísì fi wá pàdé mi.

"Tiyín ni, Bàbá. Gbogbo ẹbí ló dáwó rà á."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn tí a kọjá Ṣàgámù, mo ní, "Kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́?"

"A ti gbé e fún Ògúndélé tó wà ní Kọ́bapẹ́."

Ògúndélé ni àgbẹ̀ tó máa ń ta iṣu fún wa. Mo ní, "Yà sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó ń di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ nígbà tí a dé. "Ẹ kú àbọ̀, Àlàájì! Ẹ kú ewu ọ̀nà!"

"Ògúndélé, ohun tí wọ́n fún ọ kì í ṣe tiwọn."

"Háà! Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ mọ̀ sí i, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò mọ̀ sí i. Lásísì yóò ra tuntun fún ọ lọ́la."

Lásísì fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo nawọ́ dá a dúró. Ògúndélé tú iṣu rẹ̀, ó nu ìjókòó kẹ̀kẹ́ fún mi. Mo ká agbádá mi sórí èjìká, mo sì gùn ún.

"Bàbá, Abẹ́òkúta ṣì jìnnà!"

"Ibi tí mo ti ń bọ̀ jìnnà jù ú lọ."

Lórí kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti rí ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi: ohun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nílé, ìjà ni àwọn ẹlòmíràn jà kí wọ́n tó rí i gbà. Lásísì ń rọra wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a fẹ́ wọ ìlú. Ó yọrí jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọjá síwájú, kí wọ́n má baà rí wa pọ̀."

Mo ní kó dúró sẹ́yìn níbẹ̀, kó tan iná mọ́tò sí mi lára dáadáa, kí gbogbo Kemta lè rí ẹni tó ń bọ̀.