Tíì Tí Kì Í Lé Oorun

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ tẹnu yín?"

Ọmọbìnrin kékeré kan ló bi Ìyá Eléwé bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì, lọ́jọ́ tí wọ́n lé ìyá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìdáná nílé ìwé. Ìyá náà kàn fọwọ́ pa á lórí, ó sì ń lọ.

Tíì tí kì í lé oorun ló máa ń sè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé: atalẹ̀ àti koríko ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní ewé tíì nílé Ìyá Eléwé. Bí ẹnì kan bá ní kò dùn, á ní, "Ọkọ mi, tún un tọ́ wò, ahọ́n ẹ ṣì ń sùn ni."

Nígbà tó di pé àwọn ọmọ kì í sùn mọ́ lálẹ́, ọ̀gá àgbà wọ ilé ìdáná. Àbúrò Ìyá Eléwé ló ń fọ ife níbẹ̀. Ìyá Eléwé fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́.

"Kí lẹ̀gbọ́n yín ń sè?"

"Ewé tíì ni, sà." Àbúrò sì dákẹ́.

"Áà, tíì dúdú tó ń lé oorun lẹ ń fún wọn!"

Ìyá Eléwé, tó dúró nídìí iná, wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò ń wo ife. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àbúrò ló ti ń bu tíì nípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu.

Ọmọbìnrin yẹn ti dé kíláàsì tó gbẹ̀yìn kí òun àti Ìyá Eléwé tó tún pàdé lójú ọ̀nà.

"Àbúrò mi ò purọ́," Ìyá Eléwé ní. "Ewé tíì náà ni ìyá wa ń pè é. Mo dákẹ́ torí mo rò pé ó ṣì máa parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni."