Òfì Ìyàwó Mi àti Èdè Gẹ̀ẹ́sì Àbúrò Rẹ̀

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní Kàbà níbí àti láwọn ìlú ìtòsí. Síbẹ̀, ọdún tó kọjá ni inú mi tó dùn sí iṣẹ́ náà débi pé mo fò sókè. Ẹni tó sì mú mi fò kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ni. Oṣù mẹ́jọ ni ìyàwó mi ti kú nígbà náà, n kò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ahunṣọ ni àwọn méjèèjì. Ọwọ́ ìyá wọn ní Odò-Apé ni wọ́n ti kọ́ ọ, lórí òfì obìnrin tó máa ń dúró lóòró ti ògiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò yìí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọjà, ó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

"Okun o, Tíṣà," ló fi kí mi. "Ẹ bá mi ka eléyìí. Ọmọ mi kà á fún mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni."

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan nínú ìlú ló kọ ọ́. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní aṣọ híhun. Wọn kò béèrè ìwé-ẹ̀rí kankan. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹni náà lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn mẹ́ta kan, torí pé àwọn ọmọ Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Núpé tí kò gbọ́ Yorùbá wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

"Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an," ló wí. "Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ fọwọ́ kan òfì. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Bí n kò bá rí ẹni kọ́, ọ̀dọ̀ mi ni iṣẹ́ ìyá wa máa parí sí."

Mo ní kó dúró sọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Mo gbé pátákó mi àtijọ́ síta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn ní méjì tàbí mẹ́ta: up from, out of, down to, back in under. Mo fa ìlà sábẹ́ wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó ti mọ gbogbo wọn sórí bí ẹni mọ kátíkísìmù. Ni mo bá ní kó ṣàlàyé bí òwú ṣe ń wọ inú aṣọ.

"I carry the thread enter, I pass am go, e come commot for the other side."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ̀rín kẹ̀? Ṣé òwú náà kò kọjá ni?"

"Ó kọjá."

"Ẹ jẹ́ kó kọjá nígbà náà!"

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò tíì yí padà. Ó lè ka ohun tó wà lójú pátákó láìwò ó, ṣùgbọ́n tó bá di ká sọ̀rọ̀, á tún kó gbogbo wọn dànù. Inú bí i.

"Tíṣà, ṣé bí ẹ ṣe kọ́ àwọn ọmọ yẹn nìyí? Abájọ tí wọ́n fi ń sá ní kíláàsì yín. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ òwú láìsí òwú lọ́wọ́."

Òfì tirẹ̀ wà ní Odò-Apé. Òfì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé mi, ti ìyàwó mi, aṣọ tó hun dé ìdajì ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ti fi aṣọ ibùsùn bò ó láti oṣù mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àwa méjèèjì wo ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Kò bi mí. Àìbéèrè rẹ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ṣí òfì náà fúnra mi. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo pè é.

"Jókòó."

"Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì parí ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìwọ parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni kí o fi parí ẹ̀."

Ó jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nawọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá tí òwú wà lára rẹ̀, mo dúró tì í, mo ń fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Òwú wọlé láti ọ̀tún: in from the right. Ó gba abẹ́ àwọn òwú òòró kọjá títí dé etí aṣọ: on through to the edge. Ó mú apásá, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra, ó sì lù ú wálẹ̀: down on to the cloth. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi, apásá ń dún. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, òun ló ń sọ ọ́ ṣáájú, èmi ni mo ń sá tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Nínú èdè tiwa, ìṣe la máa ń tò tẹ̀lé ara wọn: ó sáré, ó jáde, ó kúrò nínú ilé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì á mú sísáré nìkan, wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké rin ìyókù ìrìn náà: he ran out of the house. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké náà, èyí àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tó ń lọ, èyí tó kẹ́yìn ló ń sọ ibi tí ọwọ́ ń lọ tàbí ibi tó ti ń bọ̀ fún wa. Ìgbà yẹn ni mo fò sókè, èmi àgbàlagbà.

"Tíṣà, kí ló ta yín?"

"Ọwọ́ ni! Ọ̀kan ni ọwọ́, ìkejì ni ibi tí ọwọ́ ń lọ!"

"Ohun tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, ilé mi kò dákẹ́ mọ́. Bí òjò bá ń bọ̀, á pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Tíṣà, come on in out of the rain!" Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ata ti tán: we have run out of pepper. Ó fi síbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló sáré? Ata ni?"

"Àwa ni. Àwa la sáré jáde kúrò nínú ata."

"Nínú ata! Ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó á ti bó."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà láti ìgbà tí a ti dé láti ibi ìsìnkú.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn yàrá. Mo wò yíká, ẹ̀rù bà mí: kò sí òfì kankan níbẹ̀. Tábìlì ni, àti àga, àti àwọn mẹ́ta tó di bírò mú. Wọ́n ní kó ṣàlàyé. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ó wo ògiri.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Please, can I stand up?"

Ó dìde, ó kọjú sí ògiri, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni pé òfì wà níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. In from the right. On through to the edge. Down on to the cloth. Back in under. Obìnrin tó wà láàárín àwọn mẹ́ta náà gbé bírò sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ wá bi í pé bí òwú bá já ńkọ́. A kò fi ìyẹn dánra wò. Mo fún fìlà mi mọ́wọ́.

Ó ronú díẹ̀. "I go back down to the place. I bring the two ends up out of the cloth. I tie them. Then I get on with my work."

Wọ́n ní ká lọ dúró níta. Lábẹ́ igi máńgòrò, ó wò mí. "Tíṣà, ẹ yéé gbọ̀n. Èmi ni wọ́n ń dán wò."

Wọ́n pè é padà. Nígbà tó jáde, ó ń rìn kíákíá, ẹnu rẹ̀ kò padé fún ẹ̀rín.

"Ọjọ́ Ajé ni kí n bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá! Wọ́n ní ta ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni."

N kò já a ní koro. Mo bi í pé orí kí ni àwọn mẹ́rìnlá náà máa ti kọ́ ọ, nígbà tí n kò rí òfì ẹyọ kan nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó dúró, ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lọ sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà la gbà lọ, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ wọn bí igi òfì ṣe máa ga tó nínú afẹ́fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.