Aṣọ Kákí Ara Ọmọláńgidi

— Mo so ìtàn kan mọ́ etí ìró mi o.
— Ẹ tú u, Ìyá àgbà.
— Bí mo bá tú u, ẹ ò ní sọ ọ́ níta?
— A ò ní sọ ọ́.

Jímọ̀ télọ̀ ni, bàbá tó bí Àbídèmí ìyá yín. Ìyá yín ń rákò nígbà tí ọ̀gá tó wà lórí àga ìlú yìí gorí rẹ̀. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni bàbá àgbà yín fi rán aṣọ ṣọ́jà ní bárékè Paspanga. Lọ́jọ́ kan ó bo máṣíìnì, ó ní ó tán. Ọmọláńgidi lòun ó máa gbẹ́, tí òun ó máa fi ṣeré fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Bilbalogo. Mo bi í bóyá oòrùn ló pa á.

Olè adìyẹ làwọn ọmọdé fẹ́ràn jù nínú àwọn ọmọláńgidi náà. Bó bá ti yọjú, wọ́n á máa yí gbiri nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kákí ṣọ́jà ló wọ̀. Télọ̀ kì í da ègé aṣọ nù, àpò kan gbáko ló kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Mo ní, “Bàbá Àbídèmí, ẹ bọ́ kákí yìí lọ́rùn rẹ̀.”

Ó bọ́ ọ, ó fi àǹkárá wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó délé, kò jẹun, ó dá kákí padà.

Ọkùnrin kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń ju ti ọmọdé lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó súnmọ́ bàbá àgbà yín, ó kí i dáadáa.

“Bàbá, aṣọ yìí mà dára o. Níbo lẹ ti rí i?”

Orí bàbá àgbà yín wú. “Ọwọ́ mi ló rán an. Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rán an báyìí fún ṣọ́jà mọ́.”

“Barka,” lọ́kùnrin náà fi dúpẹ́. Ó fọwọ́ pa etí aṣọ náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ìbéèrè kékeré ni ní ọ́fíìsì, pé ilé ni bàbá àgbà yín yóò ti jẹun ọ̀sán. Wọ́n da gbogbo ọmọláńgidi sápò. Mo jókòó lé ọ̀kan, mi ò dìde títí wọ́n fi mú bàbá àgbà yín lọ. Ìrẹsì tí mo bù sílẹ̀ dè é tutù. Òjò ọdún mẹ́fà ti rọ̀ lé e.

Ọmọláńgidi tí mo jókòó lé ni eléyìí tí Nadia gbé mọ́ra yìí. Àǹkárá ni mo rán bo kákí rẹ̀ lókè. Nadia, má tú etí aṣọ rẹ̀ wo, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá.

Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín sókè lórí ẹní. Bẹ́nikẹ́ni bá bi yín níbo la ti rí i, ẹ ní a bá a nílẹ̀ ni.